Ìwé-Ẹ̀rí Èké Méjìdínlógójì

Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é ní ọ́fíìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ìṣirò ló fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́ àwọn ọmọ girama, kó tó lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà nígbà tó ku díẹ̀ kó pé ogójì ọdún. Àwọn tó kọ́ nígbà náà á rántí pé kì í jókòó bí wọ́n bá ń ṣe ìdánwò. Á máa rìn láàárín àga, bàtà rẹ̀ ò ní dún, ẹni tó bá fẹ́ jí ìwé wò á kàn rí i pé òjìji ẹnì kan ti bo tábìlì òun. Kò burú sí ọmọ. Ó kàn jẹ́ ẹni tí kì í gba ohun tí ojú rẹ̀ ò bá rí gbọ́ ni, èyí tí ojú rẹ̀ bá sì rí pàápàá, á tún fọwọ́ kàn án wò.

Èmi ni mo máa ń gba fóònù nílé iṣẹ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni tábìlì mi wà. Nítorí náà, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí tí kò ṣojú mi tàbí kó ṣetí mi. Èyí tó ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi.

Ilé iṣẹ́ wa ò tóbi. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wá, yàrá mẹ́ta la ní lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì àti àga. Tó bá di ọ̀sán, òórùn fóòmù tuntun á gba ojú fèrèsé wọlé. Ètò kọ̀ǹpútà la máa ń ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ilé ìwòsàn ńlá kan gbé iṣẹ́ fún wa: sáfà tuntun fún ilé-ẹ̀jẹ̀ wọn, ìyẹn ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà sára aláìsàn. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó jókòó síbì kan, tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù ń lọ bá láti gba ọ̀rọ̀ tàbí láti fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Bí ẹ̀rọ tó wà ní yàrá àyẹ̀wò bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò, á ránṣẹ́ sí sáfà pé irú ẹ̀jẹ̀ báyìí ni lágbájá ní, sáfà á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ohun tí sáfà bá sọ ni wọ́n á kọ́kọ́ gbà.

Irú sáfà bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ máa fetí sí gbogbo ẹ̀rọ tó bá ti yanu. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fi ní ìwé-ẹ̀rí. Kì í ṣe ìwé téèyàn lè fọwọ́ dì mú. Inú ẹ̀rọ ló wà. Ó ń sọ ẹni tí ẹ̀rọ náà jẹ́, ọjọ́ tí ẹ̀rí náà máa parí, àti ẹni tó buwọ́ lù ú. Bí ẹ̀rọ bá kan ilẹ̀kùn, sáfà gbọ́dọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kó tó gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ Tíṣà ni láti mọ̀ bóyá sáfà ń yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́, ohun tó sì fi ń mọ̀ ọ́n ni ìwé-ẹ̀rí èké. Ó ṣe èyí tí ọjọ́ rẹ̀ parí lánàá. Ó ṣe èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe èyí tí àjèjì buwọ́ lù, àti èyí tó buwọ́ lu ara rẹ̀, bí ẹni tó jókòó sílé tó kọ lẹ́tà pé ọmọlúàbí lòun. Ó ṣe èyí tí ilé ìwòsàn ti fagi lé, ó ṣe èyí tí lẹ́tà ẹyọ kan péré yí padà nínú rẹ̀. Méjìdínlógójì ni gbogbo wọn. Ó wá fi ojúlówó mẹ́sàn-án kún un, torí sáfà tó bá ń lé tọmọdé tàgbà dànù náà ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣètò rẹ̀ débi pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò máa fi mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínláàádọ́ta kan ilẹ̀kùn sáfà láràárọ̀, àti nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Bí sáfà bá ṣe ohun tó yẹ, àmì aláwọ̀ ewé á yọ. Bí kò bá ṣe é, àmì pupa.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, bi í lọ́jọ́ kan pé irú iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an. Tíṣà ṣàlàyé títí.

"Hẹn-ẹn," ni màmá wí. "Ìyẹn ni pé irọ́ lò ń pa fún ẹ̀rọ látàárọ̀ dalẹ́, wọ́n wá ń sanwó fún ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Tí ẹ̀rọ náà bá wá gbà ẹ́ gbọ́ ńkọ́?"

"Ìgbà yẹn ni wàhálà dé."

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó fi tọ́jú ọkọ rẹ̀, télọ̀ kan tó já bọ́ lórí àkàbà tó sì ṣẹ́ lápá. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn máa kúrò lórí sáfà àtijọ́ bọ́ sórí tuntun, èyí tí wọ́n ti ń fi dánra wò lọ́dọ̀ wọn láti bí oṣù kan. Ọ̀gá wa, ọkùnrin kan tó ga bí òpó iná, tó sì fi ọdún mẹ́ta kéré sí Tíṣà, ti ra kóòtù tó máa wọ̀ lọ síbẹ̀. Láàárọ̀ yẹn, ó jáde látinú yàrá rẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lára ògiri, ó rí i pé gbogbo rẹ̀ ló ní àwọ̀ ewé, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú mẹ́tàdínláàádọ́ta," ló wí. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́."

Ìsàlẹ̀ ni Tíṣà ń wò. Nísàlẹ̀ àwọn àmì náà, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò, iye àkókò tí ìdánwò náà gbà máa ń wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ ló máa ń gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló gbà.

Ó tún un ṣe. Mọ́kànlá. Ó lọ bu omi mu, ó padà, ó tún un ṣe. Mọ́kànlá.

"Ọ̀gá," ló wí, "ó ti yá jù."

"Kí ló yá jù?"

"Ìdánwò yìí. Ọmọ tó bá fi ìwé sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, yálà kó jẹ́ pé ó mọ gbogbo ẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé kò ka ìbéèrè. Mi ò sì tíì rí èyí tó mọ gbogbo ẹ̀ rí."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "A ra kọ̀ǹpútà tuntun nígbà tẹ́ ẹ ò sí nílé. Ó yára ni."

"Àwọn ojúlówó mẹ́sàn-án ò yára sí i. Iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì ń gbà. Àwọn èké nìkan ló yára."

Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ ẹ má pẹ́ níbẹ̀, Ọjọ́bọ̀ ò jìnnà mọ́."

Ó jókòó tì í. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun ọ̀sán, kò dìde. Àkọsílẹ̀ sáfà ló lọ ṣí, níbi tí sáfà ti máa ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ì báà gbà á wọlé, ì báà lé e. Ó kà á. Ó tún un kà. Mẹ́sàn-án ló bá níbẹ̀. Méjìdínlógójì yòókù, kò sí ojú ẹsẹ̀ wọn nílẹ̀ rárá.

Sáfà ò lé wọn. Wọn ò débẹ̀ ni.

Nígbà tó fi máa di aago méjì, ó ti rí ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó iṣẹ́ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà tuntun, wọ́n ti gbé àwọn ìwé-ẹ̀rí èké síbòmíràn. Láràárọ̀, ìdánwò á lọ wá wọn níbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kò ní bá wọn, á dúró síbẹ̀. Wọ́n sì ti kọ ìdánwò náà lọ́nà pé ohunkóhun tó bá ṣáà ti dí i lọ́wọ́, kó kà á sí pé sáfà ló lé òun. Ẹni tí kò rí bàtà rẹ̀ wọ̀, tí kò kúrò nínú yàrá, ló wá ń ròyìn fún gbogbo ayé pé wọ́n lé òun lẹ́nu ọ̀nà.

Ìlà kan ṣoṣo nínú àṣẹ tí ìdánwò náà ń tẹ̀ lé ló fa gbogbo rẹ̀. Ètò tí a fi ń tọ́jú iṣẹ́ wa máa ń rántí ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó kọ ọ́. Tíṣà béèrè ẹni tó kọ ìlà yẹn. Orúkọ tirẹ̀ ló jáde. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló kọ ọ́ fún iṣẹ́ mìíràn, ó wá gbé e wá síbí láì tún un wò.

Mo rí i tó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn, mo rò pé orí ló ń fọ́ ọ.

Ó júwe ibi tí àwọn ìwé-ẹ̀rí náà wà báyìí fún ìdánwò, ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́. Àwọn pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí nǹkan bá ń sú sí ọmọ lára. Nígbà tó parí, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló pupa. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti parí, sáfà gbà á. Èyí tí àjèjì buwọ́ lù, ó gbà á. Èyí tó buwọ́ lu ara rẹ̀, ó ní kó máa bọ̀. Èké méje péré ló lé, àwọn tí ìwé wọn ti bàjẹ́ débi tí kò fi ṣeé kà. Sáfà ń béèrè ìwé-ẹ̀rí o, ó sì ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rọ, àmọ́ kò wò ó.

Gbogbo ọ́fíìsì yíjú sí ògiri.

Ọkùnrin tó kọ sáfà náà dìde níbi tó jókòó sí. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, torí kì í gbóhùn sókè. Ó lè ti dúró tì ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó o tó mọ̀ pé ó ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Ó wá dúró lẹ́yìn àga Tíṣà, ó ń wo àwọn pupa.

"Èmi ni, mà," ló wí.

Tíṣà yíjú sí i. "Kí lo ṣe?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ ìwé-ẹ̀rí ẹ̀rọ kan parí ní yàrá àyẹ̀wò wọn. Wọ́n ń pè ṣáá, wọ́n ní ìdánrawò àwọn ti dúró. Mo bá ní kí sáfà má yẹ ìwé-ẹ̀rí wò títí wọ́n á fi gba tuntun. Mo ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, màá dá a padà."

"O ò dá a padà."

"Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi wá síbí. Nígbà tí mo dé, mo wo ògiri, gbogbo ẹ̀ ló ní àwọ̀ ewé. Mo ní á jẹ́ pé mo ti dá a padà, mo kàn gbàgbé ni. Tí mi ò bá dá a padà, ṣebí ìdánwò yín á ti pariwo."

Mo ń wo Tíṣà nígbà tó gbọ́ ìyẹn. Ó dà bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lọ́rùn.

Ìṣẹ́jú méjì ni Jẹ́jẹ́ fi dá ètò sáfà padà. Tíṣà tún ìlà tirẹ̀ kọ. Wọ́n ṣe ìdánwò náà, ó gba ìṣẹ́jú kan àbọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínláàádọ́ta sì ní àwọ̀ ewé, ti òótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀gá mí kanlẹ̀.

"Ó ti tán nìyẹn. A rí i kó tó di Ọjọ́bọ̀. Tíṣà, ẹ ṣeun gan-an."

"Kò tíì tán, Ọ̀gá. Èyí tí wọ́n fi ń dánra wò nílé ìwòsàn ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀ láìwo ojú ẹni tó ń wọlé. Ta ló ti wọlé?"

"Ìdánrawò lásán ni. Kò sí aláìsàn gidi nínú ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ká béèrè."

Ọ̀gá ní kó wọ yàrá òun, ó pa ilẹ̀kùn dé, àmọ́ ilẹ̀kùn yẹn kì í dé dáadáa. "Tá a bá pè wọ́n báyìí, ohun tá à ń sọ fún wọn ni pé a ṣílẹ̀kùn wọn sílẹ̀ gbayawu fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá lọ́yà wa sọ̀rọ̀. Ó di àárọ̀ ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹnikẹ́ni kí n tó dé."

Tíṣà gbà. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nínú gbogbo ohun tóun ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, gbígbà tóun gbà yẹn ló ń dun òun jù.

Nílé, iwájú ilé ni ọkọ rẹ̀ ti ń ránṣọ. Apá rẹ̀ kan ṣì wà nínú báńdéèjì, ọwọ́ kejì ló fi ń to aṣọ àwọn oníbàárà. Tíṣà kí i, ó jókòó sídìí maṣíìnì bó ṣe ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó ní òun á bá a rán etí ṣòkòtò kan. Ó rán an wọ́. Ó tú u. Ó tún un rán, ó tún wọ́.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ń wò ó látorí àga. "Kí ló dé? Ṣé ẹ̀rọ yẹn ti gbà ẹ́ gbọ́ ni?"

"Ó gbà mí gbọ́, Màmá. Irọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló gbà gbọ́."

Màmá ò rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa jìyà ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa jìyà ẹ̀."

"Ta ló lè mọ̀?"

"Obìnrin kan wà tó ń bójú tó ilé-ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọ̀gá ní kí n má tíì pè é."

Ọkọ rẹ̀ gbé ojú sókè. "Ọ̀gá ẹ kì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ tó o bá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì lóru, ojú tìẹ ló máa là sílẹ̀, kì í ṣe tiẹ̀."

Tíṣà mú fóònù, ó pe nọ́ńbà náà níbẹ̀. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án ti lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mi ò tíì yọ kọ́kọ́rọ́ jáde nínú báàgì tí mo fi bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Aago méje ààbọ̀ ni. Ó kí mi, ó wọlé, ó jókòó sídìí tábìlì mi, ó sì fa fóònù mi mọ́ra.

"Tíṣà," mo ní, "Ọ̀gá ní kẹ́ ẹ dúró."

"Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Tí wọ́n bá bi ẹ́, sọ pé o ò tíì dé."

Ó pè lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí aago mẹ́jọ ààbọ̀ kọjá díẹ̀, ẹnì kan gbé e. Tíṣà tẹ bọ́tìnì kan lára rẹ̀ kí èmi náà lè gbọ́. Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ kíákíá, bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn.

"Ilé-ẹ̀jẹ̀ rèé, ẹ káàárọ̀."

"Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni mò ń dán sáfà yín tuntun wò. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti ń lò ó fún aláìsàn gidi?"

"Látọjọ́ Ẹtì. Ti àtijọ́ kọ̀, kò ṣí mọ́. A ní nígbà tó jẹ́ pé Ọjọ́bọ̀ náà ti dé tán, ká kúkú máa lò ó lọ. Ó dáa o, ó yára."

Tíṣà di etí tábìlì mú.

"Ẹ bá mi ṣí àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ tó wọlé, mà. Ẹ ka orúkọ wọn fún mi láti ọjọ́ Ẹtì."

Obìnrin náà ń kà á. Yàrá àyẹ̀wò kìíní. Yàrá àyẹ̀wò kejì. Ilé ìgbẹ̀bí. Tíṣà ti kọ àwọn orúkọ tó yẹ kó wà síwájú ara rẹ̀, ó ń fi bírò sàmì sí wọn. Mẹ́jọ. Nígbà tí obìnrin náà ka ìkẹsàn-án, bírò dúró.

"Ẹ tún ìyẹn kà."

"Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kejì."

"Ta ló buwọ́ lu ìwé-ẹ̀rí ẹ̀?"

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé… òun fúnra ẹ̀ ni."

"Níbo ni ẹ̀rọ yẹn wà?"

"Ìdánilẹ́kọ̀ọ́… Òkè lọ́hùn-ún ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Aláìsàn tí kò sí rárá ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọ́n kàn ń ro nọ́ńbà káàdì fún wọn látorí ni."

"Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń rò yẹn, ṣé ó lè bọ́ sí ti aláìsàn gidi?"

Obìnrin náà ṣí àkọsílẹ̀ wọn. À ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò sáré mọ́.

"Ìgbà mẹ́rìndínlógún ló ránṣẹ́. Mẹ́wàá ò kan ẹnikẹ́ni. Mẹ́fà kan èèyàn. Ó ti kọ irú ẹ̀jẹ̀ mìíràn lé ti aláìsàn mẹ́fà lórí."

"Ṣé ìkankan nínú wọn wà lára àwọn tẹ́ ẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún lónìí?"

Mo wo aago ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù kí aago mẹ́sàn-án lù.

"Ọ̀kan," ni obìnrin náà wí. "Bàbá kan, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ń wà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Aago mẹ́sàn-án ni tiwọn. Irú A ni sáfà sọ."

"Kí ló wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ yẹn tó kọ tiẹ̀ lé e?"

"Irú O. Mo ti fi àpò A méjì ránṣẹ́ sókè láàárọ̀ yìí."

Kò sọ pé ó dàbọ̀. Fóònù kàn dákẹ́ ni.

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ O ò gbọ́dọ̀ gba A. Èmi tí mi ò lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mọ ìyẹn. Ara á bá ẹ̀jẹ̀ àjèjì náà jà, ìjà náà sì lè gbẹ̀mí ẹni.

Jẹ́jẹ́ ti wọlé nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ó jókòó pẹ̀lú báàgì rẹ̀ lórí itan, kò gbé e sílẹ̀. Kò pẹ́ ni Ọ̀gá náà dé, ó rí Tíṣà nídìí fóònù, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta lẹ pè?"

"Ilé-ẹ̀jẹ̀."

"Mo ní kẹ́ ẹ dúró dè mí."

"Mo dúró, Ọ̀gá. Àtọ̀sán àná ni mo ti dúró. Bàbá kan ń lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ láago mẹ́sàn-án, ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn ló wà lórúkọ wọn." Kò gbóhùn sókè. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá mi jà, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè wá padà ná."

Ọ̀gá jókòó sórí àga tí àwọn àlejò máa ń jókòó sí níwájú mi. Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò, ó wò ó, lọ́yà ni. Kò gbé e.

Aago mẹ́sàn-án lù. Kò sẹ́ni tó ṣiṣẹ́. Nísàlẹ̀, wọ́n ń fa bẹ́ẹ̀dì nílẹ̀, a ń gbọ́ bó ṣe ń ha sẹ̀mẹ́ǹtì. Nígbà tó kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, fóònù dún, mo gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnì kan ló fẹ́ mọ̀ bóyá mátírẹ́ẹ̀sì tóun ra ti dé. Mo ní ó ṣi nọ́ńbà pè, mo gbé e sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ fọwọ́ bojú.

Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ lù nígbà tó tún dún. Tíṣà ló gbé e.

"Àpò méjèèjì ti padà sọ́wọ́ mi," ni obìnrin náà wí, ó ń mí gúlegúle. "Wọn ò tíì fà á sí wọn lára. Wọ́n ti fún bàbá náà lóògùn oorun, wọ́n ti ń múra ni. A gba ẹ̀jẹ̀ tuntun lára wọn, èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Irú O ni."

"Àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́?"

"A ti ń lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò tíì fa ẹ̀jẹ̀ sí ìkankan nínú wọn lára. Wọ́n ṣì máa ń ṣe àyẹ̀wò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó fà á. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí i níbẹ̀."

"Ó ṣeé ṣe?"

"Èèyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ èèyàn márùn-ún lókè lónìí. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì bi mí bóyá omi wà nínú kẹ́tù. Mo ní ó wà. Ó ní kí n jọ̀ọ́ fún òun nínú ẹ̀. Mo bu ú wá. Ọ̀gá ló bá a di ife mú títí ó fi mu ún tán.

Ọ̀gá lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn láì wọ kóòtù tuntun. Wọ́n sún ọjọ́ sáfà síwájú lọ́sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ní kí a kọ ìròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Tíṣà ló kọ ọ́. Nígbà tí Ọ̀gá kà á lọ́jọ́rú, ó pè é.

"Ibi tẹ́ ẹ ti sọ nípa ìlà tẹ́ ẹ kọ yìí, mo rò pé kẹ́ ẹ yọ ọ́. Kò pọn dandan. Ohun tí Jẹ́jẹ́ ṣe nìkan ti tó ṣàlàyé."

"Jẹ́jẹ́ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ pé ó di ìrọ̀lẹ́," ni Tíṣà wí. "Èmi ni mò ń sọ fún gbogbo èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ó wà ní títì. Tẹ́ ẹ bá yọ tèmi, ẹ yọ tiẹ̀ náà."

Ọ̀gá ronú sí i. Kò yọ ìkankan. Lẹ́tà tí Jẹ́jẹ́ kọ pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wà lórí tábìlì rẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà mi ò rí i mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì sọ ọ́. Àwa náà ò béèrè.

Tíṣà àti Jẹ́jẹ́ jọ jókòó tún gbogbo ìdánwò náà kọ. Báyìí, kò tó kí èké sọ pé wọ́n lé òun. Ó gbọ́dọ̀ mú ìdí tí sáfà fi lé e wá lẹ́nu, ìdí náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ parí, kó gbọ́ pé ọjọ́ rẹ̀ ti parí. Bí kò bá rí ìdí mú wá, pupa. Wọ́n tún fi ọ̀kan kún un tí ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣí sáfà àdàkọ kan sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti wò bóyá àwọn pupa á yọ. Ọjọ́ kìíní tí wọ́n ṣe é, ògiri wa pupa wàì, àlejò kan tó wọlé bi wá bóyá kí òun padà wá nígbà mìíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Tíṣà fúnra rẹ̀ gbé ìròyìn náà lọ fún obìnrin ilé-ẹ̀jẹ̀. Wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí. Ó ní obìnrin náà kúrú, ó sì ń rìn kíákíá bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan kọjá, obìnrin náà fi àgbọ̀n júwe yàrá kan fún un. Bàbá awakọ̀ akẹ́rù yẹn ló wà níbẹ̀, wọ́n fẹ́ jẹ́ kó máa lọ sílé. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ó ń bá ọmọ rẹ̀ obìnrin jiyàn pé iwájú ni òun máa jókòó sí nínú mọ́tò, pé òun ò gbẹ́kẹ̀ lé bó ṣe ń wakọ̀.

Mo bi Tíṣà bóyá ó wọlé lọ kí wọn.

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?" ló dá mi lóhùn. Ó ní òun dúró níbẹ̀ títí bàbá náà fi wọ bàtà kejì, lẹ́yìn náà òun bá obìnrin náà lọ ka àwọn ìwé-ẹ̀rí tuntun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ wọn.